Ọmọ mi ń gba 18 nínú 20 lórí fóònù, àmọ́ ó ń fìdí rẹmi ní kíláàsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ta àdìrẹ, Lafẹ́nwá la sì ń gbé. Ọmọkùnrin mi wà ní pírámárì 5, ó ń múra sílẹ̀ fún kọ́mọ̀n ẹ́ńtíráǹsì. Mo gba áàpù ìdánrawò kan sórí fóònù mi fún un, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Alaalẹ́ ló ń gbé e wá fi hàn mí: 18 nínú 20, nígbà míì 20 géérégé. Àmọ́ nínú ìdánwò táàmù tó kọjá, 43 ló gbà nínú ìṣirò, 51 ni ti sáyẹ́ǹsì. Tíṣà kíláàsì rẹ̀ ní kì í kàwé. Ojú mi báyìí ló ṣe ń kà á! Ṣé áàpù yìí ló ń tàn wá ni, àbí tíṣà ni kò mọ ọmọ mi? Àwọn tó ni áàpù náà ti ń sọ pé kí n wá san owó ọdún kan. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ má sì tíì gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Tíṣà ò parọ́ mọ́ ọmọ yín, áàpù náà ò sì parọ́. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni kò dọ́gba. Áàpù ń wò ó bóyá ọmọ á dá ìdáhùn mọ̀ bó bá fojú kàn án. Tíṣà ń wò ó bóyá ó lè fà á jáde látinú orí ara rẹ̀, nígbà tí kò sí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ju bébà òfìfo lọ. Èèyàn lè mọ ojú ẹni tó bá pàdé ní Sàpọ́n dáadáa, kó má sì rántí orúkọ rẹ̀.

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́wàá nínú èyí tó ti gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ kọ wọ́n sórí bébà, ṣùgbọ́n ẹ má kọ A, B, C, D tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ẹ gbé fóònù kúrò níbẹ̀, ẹ fún un ní báírò. Bó bá gba mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, a jẹ́ pé ibòmíràn ni ìṣòro wà: bóyá ẹ̀rù ìdánwò ló ń bà á, bóyá ohun tí áàpù ń béèrè kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, ó sì yẹ kẹ́ ẹ lọ bá tíṣà jókòó. Bó bá gba mẹ́rin, ẹ ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Mẹ́rin ni mo fura sí, torí mo mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń lo àwọn áàpù wọ̀nyí.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀, á gba 11. Gbogbo èyí tó ṣì, fóònù á fi àwọ̀ ewé hàn án pé èyí ni ó yẹ kó mú. Kíá, á tún bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè 20 kan náà, lọ́pọ̀ ìgbà bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀ náà ni. Á gba 16. Nígbà tó bá fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò ka ìbéèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ń rí tí ọwọ́ fi ń lọ síbi ìdáhùn. Ó ti há a sórí pé èyí tí wọ́n ti dárúkọ ìpẹ́pẹ́ ẹja, B ni. Ìgbà yẹn ló máa wá gbé e fún ìyá rẹ̀ wò, kò sì fi ìyẹn tàn yín, torí inú òun náà dùn sí i. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi í lọ́la tó bá gbé 20 wá ni pé: “Ẹlẹ́ẹ̀kelòó nìyí?” Máàkì àkọ́kọ́ nìkan ló ní ìtumọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbàgbé ìyókù.

Máàkì àkọ́kọ́ yẹn pàápàá, ẹ yọ méfò kúrò nínú rẹ̀. Bí ìdáhùn mẹ́rin bá wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò mọ nǹkan kan rárá, tó kàn ń fọwọ́ tẹ èyí tó wù ú, á gba nǹkan bíi 5 nínú 20. Ọmọ tó mọ 10 dáadáa, tó sì méfò 10 yòókù, á gba 12 tàbí 13. Ẹni tó bá wo 13 á ní ọmọ náà ti kọjá ìdajì dáadáa. Ìdajì géérégé ló mọ̀.

Àwọn áàpù kan tún ń fi aago lé ọmọ, wọ́n ń fún un ní ìràwọ̀ tó bá yára. Èmi ò fẹ́ràn aago yẹn fún ọmọ pírámárì. Ọwọ́ ọmọ ti yá ju ojú rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, kí la tún fẹ́ lé e sí? Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń pa á, ẹ pa á. (Ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn tó ní ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB. Ìbéèrè 180 ni wọ́n ń ṣe fún wákàtí méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí kọ̀ǹpútà sì ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi aago dánra wò, kó sì ti mọ bọ́tìnnì mẹ́jọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀, A, B, C, D, N, P, R àti S, kó tó di ọjọ́ ìdánwò.)

Ẹ má rò pé mò ń bá ìdánrawò jà o. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rí sì wà. Ní 2006, àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà kà. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe, àwọn kan tún àyọkà náà kà. Àwọn yòókù pa á dé, wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á tàbí wọ́n ṣì í. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù, nǹkan bí 81 nínú 100. Àwọn yòókù rántí 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó tún un kà ti já wálẹ̀ sí 42, àwọn tó dán ara wọn wò ṣì wà ní 56. Ẹ ò rí i pé bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ lè tan ọmọ àti òbí? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Ẹ̀ ń wo ìṣẹ́jú 5, tíṣà ń wo òpin táàmù.

Ẹ lè ní àwọn àgbàlagbà nìyẹn. Wọ́n ti dán an wò nínú kíláàsì àwọn ọmọ tó jẹ́ bí ọdún 13 sí 14 náà, ní ilé-ìwé kan ní Illinois. Ìwádìí yẹn jáde ní 2011. Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ohun tí wọ́n fi ìdánrawò kékeré béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, tí wọ́n sì sọ ìdáhùn rẹ̀ fún wọn, ni wọ́n ṣe dáadáa sí jù nígbà ìdánwò. Ìdánrawò náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wọ́n.

Akitiyan fífà á jáde yẹn ni oògùn rẹ̀. Bí ìdáhùn bá ti to ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọ, akitiyan náà ti dín kù. Torí náà, ẹ gé páálí kékeré kan tó fẹ̀ tó fóònù yín. Páálí bisikíìtì náà tó. Bí ìbéèrè bá jáde, kí ó fi páálí bo ìsàlẹ̀ níbi tí ìdáhùn mẹ́rin wà. Kí ó ka ìbéèrè sókè, kí ó kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé, kó tó ká páálí kúrò. Bí ohun tó kọ kò bá sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé òun ti ṣìnà, á padà lọ wò ó. Bó bá jẹ́ ìṣirò, kí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí bébà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èmi kì í ka ìdáhùn ìṣirò tí kò ní iṣẹ́ nídìí sí nǹkan kan. Àwọn ìbéèrè kan wà tí páálí ò lè ràn lọ́wọ́, irú èyí tó ní “èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni kì í ṣe ẹranko afọ́mọlọ́mú”. Kó ṣí ìyẹn sílẹ̀, àmọ́ kó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Á bínú sí páálí yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí 18 máa di 9. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìtòkú mọ èyí jù mí lọ. Aláró tó bá fẹ́ kí aṣọ dúdú dáadáa kì í rì í sínú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan kó sì fi í síbẹ̀. Á rì í, á yọ ọ́, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ, á tún rì í. Àárín ìgbà tí aṣọ fi wà níta yẹn gan-an ni àwọ̀ fi ń yọ lára rẹ̀. Ìdánrawò náà rí bẹ́ẹ̀. Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ ìgbàgbé wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1885. Ó rí i pé wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ohun téèyàn há sórí máa ń sá lọ jù, àti pé bí èèyàn bá pín àtúnkà sí ọjọ́ mélòó kan, àtúnkà díẹ̀ ló máa tó o ju kó kó gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan, ìfàkókòṣòfò ni. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan lónìí, kó tún un ṣe lọ́tùn-únla, kó tún padà sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìbéèrè mẹ́wàá lálẹ́ tó, ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, lẹ́yìn náà kó lọ sùn.

Ní báyìí, ká wá sórí àṣìṣe, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà tí ọmọ yàn máa ń sọ bí orí rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo èyí: 1/2 + 1/3 jẹ́ mélòó? A: 2/5. B: 5/6. C: 1/6. D: 1/5. Ìdáhùn rẹ̀ ni 5/6. Ọmọ tó mú 1/6 sọ ọ́ di púpọ̀ (×) dípò kó rò ó pọ̀ (+). Ọmọ tó mú 2/5 ro ti òkè pọ̀ mọ́ ti òkè, ó sì ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Òfin kan wà lórí rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé tọkàntọkàn, òfin náà ni kò dára. Bí ẹ bá kàn sọ fún un pé “B ni, kì í ṣe A”, á há B sórí, òfin yẹn á sì wà níbẹ̀ dúró dè é di ọjọ́ ìdánwò.

Ẹ fi owó kọ́ ọ, ẹ̀yin náà lè ṣe é láìwo ìwé. Ẹ ní: “Mo ní ₦600. Ìdajì rẹ̀ mélòó?” ₦300. “Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ńkọ́?” ₦200. “Rò ó pọ̀.” ₦500. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kó wá ìdá méjì nínú márùn-ún ₦600, ìyẹn 2/5 tó mú. ₦240 ni. Ẹ wá bi í: “Báwo ni ₦300 àti ₦200 ṣe di ₦240? Ta ló jí ìyókù?” Á rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ní gbàgbé.

Kí ó ní ìwé kan tó jẹ́ ti àṣìṣe nìkan. Ìbéèrè tó ṣì, ìdáhùn tó tọ̀nà, àti gbólóhùn kan ní ẹnu ara rẹ̀ nípa ohun tó jẹ́ kó ṣì í. Ẹ má fojú kéré èyí. Roediger kan náà àti Elizabeth Marsh fi hàn ní 2005 pé irọ́ tí wọ́n tò mọ́ òótọ́ nínú ìbéèrè oní-ABCD lè lẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí, débi tó máa fi dáhùn pẹ̀lú rẹ̀ nígbà míì. Sísọ òótọ́ fún un lẹ́yìn ìdánrawò ló ń gbà á sílẹ̀. Áàpù tó bá kàn ń sọ iye tí ọmọ gbà, tí kò sọ èyí tó ṣì àti ìdí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, kódà bó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Lórí ẹ̀kọ́ bíi Social Studies, ọ̀nà mìíràn wà tí mo máa ń gbà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìbéèrè ní: Ọdún wo ni Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta? A: 1830. B: 1859. C: 1914. D: 1976. B ni, ọdún tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ bi í: “Kí ló ṣẹlẹ̀ ní mẹ́ta yòókù?” 1830 ni Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. 1914 ni wọ́n so Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀. 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìbéèrè kan ti di mẹ́rin, dátà ò sì jẹ kún un. Bó bá jẹ́ pé ọdún játijàti ni wọ́n kó síbẹ̀, tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn, ẹ ti mọ̀ pé ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn kàn ń wá ohun tó máa fi kún àyè ni.

Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó mọ fóònù lò lè bá yín ṣe tiyín pẹ̀lú Google Forms. Ọ̀fẹ́ ni. Á yàn án pé ìdánrawò oní-máàkì ni, á kọ ìdáhùn tó tọ̀nà sí i, á kọ àlàyé tí ọmọ máa rí tó bá ṣì í, á sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé èèyàn lè mú irú ìbéèrè tí kò ní A, B, C, D rárá, tí ọmọ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdáhùn. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: bí ẹ bá kọ “Ṣódẹkẹ́” sílẹ̀ ní ìdáhùn, tí ọmọ tẹ “Sodeke” láìsí àmì, ó máa ní ó ṣì í. Ẹ kọ méjèèjì sí i.

Ohun tí áàpù ò lè ṣe ni kó kọ́ ọmọ ní ohun tí kò tíì yé e. Bí máàkì àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ kan kò bá tó ìdajì, kó pa fóònù, kó padà sínú ìwé tàbí sọ́dọ̀ tíṣà. Bẹ́ẹ̀ sì ni áàpù náà máa ń ṣì í. Mo ti rí ìdáhùn tí kò tọ̀nà nínú wọn, pàápàá nínú àwọn tó kó ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá jọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọmọ bá ń jiyàn pé tòun ló tọ̀nà, ẹ má ní kó dákẹ́. Kó gbé ìwé wá, ká wò ó. Bí wọ́n bá sì ń béèrè fọ́tò ọmọ, orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé kó tó ṣe ìṣirò, ẹ má dáhùn. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ní òbí tàbí alágbàtọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ owó tẹ́ ẹ béèrè wá kù. Kẹ́ ẹ tó san án, ẹ wo bí áàpù náà ṣe ń ṣe. Ṣé ó ń gbé èyí tí ọmọ ṣì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àbí ó ń gbàgbé pẹ̀lú rẹ̀? Ṣé nọ́ńbà inú ìṣirò ń yí padà nígbà tó bá tún un ṣe? Ṣé ó ń ṣàlàyé? Ṣé ohun tó ń béèrè bá ìwé tí wọ́n ń kà ní pírámárì 5 mu? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí dátà bá tán, torí dátà máa tán? Bí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó yẹn ò ṣègbé. Bó bá jẹ́ ìràwọ̀ àti orin ìyìn ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ fi owó náà ra ìwé ìṣirò tó ní ìdáhùn lẹ́yìn àti ìwé ìkọ̀wé méjì.

Kó fi páálí yẹn lo èyí tó wà lọ́wọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àṣìṣe rẹ̀ lọ fún tíṣà. Á rí ohun tó yẹ kó tún kọ́ ọmọ náà níbẹ̀ ju bó ṣe máa rí i nínú 43 lọ. Ìgbà yẹn ni ká tó mọ̀ bóyá áàpù yẹn yẹ lẹ́ni tí à ń sanwó fún. Bí wọ́n bá ní ẹ̀dínwó tí wọ́n ṣe fún yín máa tán lọ́la, ẹ jẹ́ kó tán.